Máàkì Ọmọ Kò Gbọdọ̀ Yí Padà Nítorí Sáfà

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn l'Abùjá. Èsì UTME ọdún náà, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ti jáde, ariwo sì ti gba ìlú kan. Nínú àwọn ọmọ tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì tó jókòó ṣe é, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò rí 200 gbà nínú 400. Àwọn àgbàlagbà kan ti ń sọ lórí rédíò pé ọmọ ìwòyí kì í kàwé mọ́, pé fóònù ló gba gbogbo wọn lọ́kàn. Àfi bí ọ̀gá JAMB ṣe jáde tó ní àṣìṣe wà nínú èsì náà, pé ọmọ 379,997 ni yóò tún ìdánwò ṣe: 206,610 ní ibùdó 65 nílùú Èkó, àti 173,387 ní ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jiyàn lórí omijé ọ̀gá náà, bóyá ó tọ́ kó sunkún tàbí kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Èmi ò bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa dán sọ́fítíwià wò kó tó dé ọwọ́ aráàlú, ohun tí mo sì fẹ́ gbọ́ ni ohun tó bàjẹ́ gan-an.

Àlàyé wọn rèé. Lọ́dún yẹn, ètò ìbéèrè nìkan kọ́ ni wọ́n dà rú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n da ètò ìdáhùn náà rú. Ohun tó jẹ́ A níwájú ọmọ yìí lè jẹ́ C níwájú ẹni tó jókòó tì í. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n máa jí ara wọn wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń máàkì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe da ti ọmọ kọ̀ọ̀kan rú kó tó lè mọ ohun tí ọmọ náà mú. Àtúnṣe tó máa jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ èyí dé orí àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, tó ń bójú tó apá Kàdúná. Kò dé orí àwọn tó ń bójú tó Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ mú ìdáhùn tó tọ̀nà, ẹ̀rọ kà á sí òdì.

Kí wọ́n tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ìwé ìròyìn ti gbé e pé ọmọbìnrin ọdún 19 kan n'Ikorodu ti kú lẹ́yìn tó rí máàkì tirẹ̀. Mi ò lè kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń kọ̀wé nípa irin àti wáyà lásán.

Ohun tó dùn mí jù ni pé irú àṣìṣe yìí gan-an, àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè rí i fúnra rẹ̀. Ọ̀nà náà ti wà nínú ìwé láti 1998. Kò wọ́n, kò sì le.

Ìwádìí lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa dán ẹ̀rọ wò ti pẹ́. Ní 1988, ìjì ńlá kan ń jà lálẹ́ nílùú Madison, ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Barton Miller wà nílé, ó gba ojú wáyà tẹlifóònù wọ kọ̀ǹpútà yunifásítì. Ìjì náà ń da ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ rú lójú ọ̀nà, àwọn lẹ́tà játijàti ń wọlé, àwọn ètò kọ̀ǹpútà sì ń dákú. Ẹlòmíràn ì bá pa kọ̀ǹpútà kó lọ sùn. Miller sọ ọ́ di iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: ẹ kọ ètò kan tí yóò máa da játijàti sẹ́nu àwọn ètò Unix, ká wo èyí tí yóò ṣubú. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990, bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ètò tí wọ́n dán wò ló ṣubú. Fuzzing ni wọ́n sọ ọ̀nà náà, kò sì sí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe sọ́fítíwià lónìí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n játijàti kò lè gba JAMB sílẹ̀. Sáfà Èkó kò dákú. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń gba ìdáhùn, ó ń fún ọmọ ní máàkì. Máàkì náà ni kò tọ́. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ta ni yóò wá sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tó mú jáde kò tọ́? Ibẹ̀ ni ìwádìí yìí ti le jù. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Elaine Weyuker kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1982. Ó ṣàlàyé pé àwọn ètò kan wà tí kò sẹ́ni tó lè sọ ìdáhùn tó yẹ kí wọ́n mú wá, torí pé ìdí tí a fi kọ wọ́n náà ni pé a ò mọ ìdáhùn ọ̀hún. Ẹ wo JAMB. Ta ló mọ máàkì tó yẹ kí ọmọ kan n'Ikeja gbà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi ẹ̀rọ. Tí ẹ̀rọ bá sì sọ pé 142, 142 náà nìyẹn.

Ní 1998, T. Y. Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong mú àbá kan wá tó dùn mọ́ mi nínú títí dòní. Ẹ má béèrè ìdáhùn tó tọ́, ni wọ́n wí. Ẹ béèrè ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà nígbà tí ẹ bá yí nǹkan míràn padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tó ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti Ìbàdàn sí Ọ̀ṣogbo ṣeé gbára lé lè máà mọ ọ̀nà náà rárá. Kó ṣáà béèrè bó ṣe jìnnà tó láti Ìbàdàn sí Ọ̀ṣogbo, kó tún béèrè láti Ọ̀ṣogbo sí Ìbàdàn. Tí kìlómítà méjèèjì bá yàtọ̀ síra gan-an, tí kò sì sí ọ̀nà kan tó jẹ́ àlọ nìkan, nǹkan kan ti bàjẹ́ níbì kan. Metamorphic testing lorúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí JAMB. Ìbéèrè 180 ni UTME: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ká dá ọmọ kan tí kò sí níbì kankan, ká fún un ní ìdáhùn sí gbogbo 180, ìbáà tọ́, ìbáà má tọ́. Ká wá da ètò ìbéèrè àti ètò ìdáhùn rú fún un ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, ká fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo sáfà tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ kan náà ni, ohun kan náà ló mú. Máàkì kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ jáde níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó nílò láti mọ máàkì náà tẹ́lẹ̀. Tí Kàdúná bá fún un ní 231, tí Èkó fún un ní 118, iná pupa ti tàn nìyẹn, ẹ má tíì jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni jókòó.

Kóòdù ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta ni. Ọ̀dọ́langba tó mọ èdè kọ̀ǹpútà Python á kọ ọ́ láàárọ̀, kọ̀ǹpútà àgbélétan á sì ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mi ò sọ pé JAMB kì í dán nǹkan wò. Wọ́n máa ń ṣe ìdánwò àṣewò fún àwọn ọmọ ṣáájú ojúlówó, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣewò ń dán ọmọ, iná ìjọba àti kọ̀ǹpútà ibùdó wò. Bóyá sáfà méjì yóò gbà láti fún ọmọ kan náà ní máàkì kan náà, ìyẹn ní àyẹ̀wò tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ jìn sí kòtò yìí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital ní Jersey City l'Amẹ́ríkà gbé sọ́fítíwià tuntun sórí àwọn sáfà tí wọ́n fi ń ra ìpín tí wọ́n sì fi ń tà á. Sáfà mẹ́jọ ni. Méje gba àtúnṣe náà, ẹni tó ń gbé e lọ gbàgbé ẹ̀kẹjọ. Ọjà ṣí, sáfà ẹ̀kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà, kóòdù àtijọ́ tí wọn ò lò mọ́ ti jí. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ilé iṣẹ́ náà ti pàdánù nǹkan bíi 440 mílíọ̀nù dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí la kà á. Ọdún kẹtàlá lẹ́yìn náà ni àtúnṣe tí kò dé orí sáfà kan ba èsì àwọn ọmọ wa jẹ́.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aráa Hong Kong àti Amẹ́ríkà nìkan ni mo ń tò. Ilé iṣẹ́ wa ní Yaba ń ṣe sọ́fítíwià fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Mushin pè wá. Orúkọ rẹ̀ ní Ọ àti ẹ́ nínú, ọmọ rẹ̀ tó kàwé ló sì bá a fi àmì sí i dáadáa nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "ẹ̀rọ yín ní mi ò dá owó rí. Wọn ò fún mi ní ẹ̀yáwó. Èmi tí mo ń dá owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù ta ni ẹ fi ń dá owó náà?"

"Fóònù akápò ni. Tèmi ni mo fi béèrè ẹ̀yáwó."

Ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, mo ti fura. Lẹ́tà ẹ́, tó ní àmì lókè tó ní kíndò nísàlẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Fóònù kan lè kọ́kọ́ kọ ẹ, kó wá fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè kọ́kọ́ kọ é, kó wá fi kíndò sí i nísàlẹ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì ni wọ́n síra wọn, àfi tí ẹni tó kọ ètò náà bá sọ fún ẹ̀rọ pé kó kó gbogbo wọn sójú kan. Sọ́fítíwià wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣí ìwé méjì fún ìyá kan ṣoṣo, owó wà nínú ọ̀kan, òfo wà nínú èkejì.

Ohun tí a fi wo àrùn náà wá láti inú ìwádìí. Ní 2000, Koen Claessen àti John Hughes ní Yunifásítì Chalmers nílùú Gothenburg, ní Sweden, ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ QuickCheck. O ò ní máa to àpẹẹrẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin lo máa kọ fún un, yóò máa fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpẹẹrẹ láti wá èyí tó rú òfin náà. Irú rẹ̀ ti pọ̀ nínú èdè kọ̀ǹpútà lónìí. Hypothesis ni àwa ń lò, nínú Python. Òfin tí a kọ kò ju ìlà kan lọ: ọ̀nà yòówù kí fóònù gbà kọ orúkọ kan, ẹni kan náà ló gbọdọ̀ bá a. Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀dá orúkọ gbọọrọ gbọọrọ tí ẹnu ò lè pè, ó rí ọ̀kan tó rú òfin. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú, ó ń yọ lẹ́tà kan kúrò lẹ́yìn òmíràn, ó ń wo bóyá òfin ṣì ń bàjẹ́, títí tó fi ku lẹ́tà ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ́ ni. Àwọn ọmọkùnrin tó wà nínú yàrá náà dákẹ́ lọ gbári.

Èrò irinṣẹ́ náà ti Sweden wá, ṣùgbọ́n òfin tí a kọ fún un, láti ilé wa ni. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Gothenburg tí yóò jí láàárọ̀ tí yóò rántí pé ìyá kan ní Mushin ń fi àmì sórí orúkọ rẹ̀. Kò ní rántí pé báńkì lè yọ owó lọ́wọ́ ẹnì kan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ kó tó dé ọwọ́ ẹnì kejì, pé owó náà gbọdọ̀ wà níbì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Àwa la mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó tó wà nínú àyẹ̀wò, ẹ̀rọ lè gbà á lọ́wọ́ wa tán. Mímọ ohun tó tọ́ nílé wa, ọwọ́ wa ló kù sí, mi ò sì rí i pé a gbé e bí iṣẹ́ gidi.

Mo máa ń wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lẹ́nu wò kí a tó gbà wọ́n síṣẹ́. Mo máa ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá. Ètò ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ètò pínpín yàrá ní hostel. Ètò ìṣirò èsì ìdánwò. Lọ́dọọdún, nǹkan kan náà ni. Tí mo bá wá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní: "Mà, mo ṣí i níwájú supervisor mi, ó sì ṣí." Ọmọ tó gbọ́n ni púpọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ti àná, pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ti dé, òun ni yóò kọ kóòdù, òun náà ni yóò sì dán an wò. Èmi náà ń lò ó. Ó lè kọ àádọ́ta àyẹ̀wò kí n tó mu tíì mi tán. Ṣùgbọ́n bó ṣe sábà máa ń ṣe é ni pé yóò wo kóòdù tó wà nílẹ̀, yóò wo ohun tí kóòdù náà ń ṣe, yóò sì kọ àyẹ̀wò tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹni tó bá ní kó kọ àyẹ̀wò fún sáfà Èkó, tí kò sì sọ òfin kankan fún un, ó lè kọ ọ́ pé 118 ni kí ọmọ yẹn gbà.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń polówó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kà. Westley Weimer, Stephanie Forrest, Claire Le Goues àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ètò kan tó ń jẹ́ GenProg, tó ń tún àléébù sọ́fítíwià ṣe láìsí ọwọ́ èèyàn. Ní 2012, wọ́n ròyìn pé ó tún 55 ṣe nínú àléébù 105, àti pé iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ná wọn ní ìpíndọ́gba kò tó 8 dọ́là. Àwọn onímọ̀ yọ̀. Ní 2015, Martin Rinard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT tún àwọn àtúnṣe náà yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 55, méjì péré ló tọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù kàn gé apá kan iṣẹ́ sọ́fítíwià náà dànù ni, kí àyẹ̀wò má bàa rí ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀rọ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe: jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí kọjá. Àyẹ̀wò náà ni kò sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ. Mo bọlá fún iṣẹ́ GenProg, òun ló la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo sì bọlá jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó padà lọ tú u wò nígbà tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́.

Irú ìtúwò bẹ́ẹ̀ la nílò nílé. Ní 2025, àríwísí àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kí JAMB sáré yẹ èsì náà wò. Ká ní wọ́n dákẹ́, ọmọ tó súnmọ́ 380,000 ni ì bá gbà pé òun kò mọ̀wé. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ní kí ìdánwò WAEC àti NECO náà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Sáfà á pọ̀ sí i, àtúnṣe á pọ̀ sí i, ibi tí àtúnṣe lè má dé á pọ̀ sí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí JAMB kọ àwọn òfin tí ètò ìmáàkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ rú sílẹ̀, kó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Mi ò sọ pé kí wọ́n tẹ ìbéèrè jáde o. Òfin ni mo wí: pé dídà rú kò gbọdọ̀ yí máàkì padà, pé ibùdó kò gbọdọ̀ yí i padà, pé tí iná bá lọ tí ọmọ tún wọlé, ìdáhùn tó ti fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Kí wọ́n pe àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láti Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Nsukka àti Zaria, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán òfin wọ̀nyí wò lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ọmọ àkọ́kọ́ tó jókòó. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa náà, ẹ gba ètò pínpín yàrá hostel lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n lọ mú ètò tí yunifásítì yín fi ń ṣírò èsì, kí wọ́n wá òfin tó ń rú, kí wọ́n fi gboyè.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bọ̀ wá ṣe UTME, ẹ má dúró di ìgbà tí èsì bá jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ JAMB nísinsìnyí pé: sáfà tí ọmọ mi máa lò, ta ló dán an wò, kí ló sì rí?